Ta Ni Yóò Gba Ọmọ Náà? Ọjọ́ Kan ní Bẹyẹrúnkà

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí

Ìpè ìrun àsùbáà láti Mọ́ṣáláṣí Àpapọ̀ Ọjà'ba ló máa ń jí agbo ilé yìí, lẹ́yìn Bẹyẹrúnkà ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà ti fẹnu kora. Lónìí, ẹnì kan ti lajú sílẹ̀ kí wọ́n tó pèrun. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, iṣẹ́ aránṣọ ló ń kọ́ ní Bẹẹrẹ, oyún inú rẹ̀ sì ti wọ oṣù keje. Ẹni tó fún un lóyún ń wa takisí Máíkírà. Látìgbà tó ti gbọ́ ni kò ti gbé fóònù mọ́.

N kò ní dárúkọ ọmọbìnrin yìí, nítorí kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ìgboro Ìbàdàn ni mo tò jọ sínú ọjọ́ kan, kí ẹ lè rí bí ohun tí yóò bá ọmọ dàgbà ṣe ń di píparí láàárín àárọ̀ sí alẹ́. Òfin, ilé ìwòsàn àti kóòtù tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe àròsọ.

Ìpàdé ẹbí wà ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ilé ló mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ níbẹ̀.

Aago méje

Ìyá Àgbà ti ra ẹ̀kọ àti àkàrà. "Jẹun. Ìwọ nìkan kọ́ lò ń jẹun fún." Nígbà tó rí i pé ọmọ náà kàn ń fọwọ́ tẹ ẹ̀kọ lásán, ó sún mọ́ ọn. "Má da ara ẹ láàmú. Ọmọ kì í sọnù nínú ẹbí. Àǹtí ẹ tó wà l'Ékòó á bá ẹ wò ó. Tó o bá gba fírídọ̀ọ̀mù tán, wàá lọ gbé ọmọ ẹ."

Ó dá a lójú, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ òun náà. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló ti mọ òwò ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ dé, ilé baba rẹ̀ ni wọ́n ti wá tọrọ rẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó jókòó níwájú rẹ̀ yìí náà, òun ló tọ́ ọ látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ ilé ọkọ mìíràn. Kò síbi tí wọ́n ti kọ ìwé kankan.

Ìbàdàn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi ọmọ fún ni tọ́. Lẹ́yìn tí òyìnbó ajíhìnrere David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ jọ dé ìlú yìí ní 1853, Olóyè Olúnlọ́yọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, sọ́dọ̀ wọn ní Kúdẹtì. Ọ̀dọ̀ òyìnbó ni wọ́n ti kàwé, ṣùgbọ́n ọmọ Olúnlọ́yọ̀ ni wọ́n. Orúkọ Yéjídé ṣì wà lára ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin kan ní Ìbàdàn títí dòní.

Àǹtí Èkó ní tirẹ̀ ò sọ pé òun fẹ́ bá ẹnikẹ́ni wo ọmọ. Ohun tó sọ lórí fóònù ni pé, "Mo fẹ́ ọmọ tèmi." Ó ti pẹ́ tó ti ń retí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìrora rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ àti ohun tí Ìyá Àgbà gbà láti fún un yàtọ̀ síra. Láti oṣù tó kọjá ni àwọn méjèèjì ti ń sọ̀rọ̀ náà, kò sì sí ẹni tó bi èkejì pé: ṣé ọmọ yìí yóò padà wálé?

Aago mẹ́jọ ààbọ̀

Láti Bẹẹrẹ dé Yemẹtu kò jìnnà. Ní Ilé Ìwòsàn Adéọ̀yọ́, àwọn aláboyún ti kún orí bẹ́ńṣì, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìran mélòó kan ní Ìbàdàn ni wọ́n ti gbẹ̀bí rẹ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Yunifásítì ti ń kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó ṣí ilé ìwòsàn UCH ní 1957. Wọ́n wọn ọmọbìnrin náà, wọ́n wo ìfúnpá rẹ̀, wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò.

Lórí káàdì rẹ̀, gbogbo ìlà ló ní nǹkan nínú àfi ibi tí wọ́n ní kó kọ orúkọ ọkọ sí. Ẹni tó kọ káàdì náà ti fi bírò kan ìlà ọ̀hún, ó wá gbé e kúrò. Àmì dúdú kín-ín-kín ló kù níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì rí i. Kò sọ ohun tí ará ìdí bẹ́ńṣì lè gbọ́. Ó rọra ní kó lọ rí àwọn wẹ́fíà kó tó máa lọ ilé.

Aago mẹ́wàá ààbọ̀

"Ta ló fẹ́ gbà á?" òṣìṣẹ́ wẹ́fíà bi í.

"Àǹtí mi ni, mà."

"Ṣé wọ́n fẹ́ bá ẹ tọ́ ọ ni, àbí wọ́n fẹ́ gbà á ṣọmọ?"

"Ṣé kì í ṣe ìkan náà ni, mà?"

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ìyá, bàbá àti ẹ̀gbọ́n tó ń ka ìwé yìí dúró sí. Kì í ṣe ìkan náà rárá. Ìgbàṣọmọ lábẹ́ òfin kò tíì pẹ́ lọ títí nílẹ̀ yìí: Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà ṣòfin tirẹ̀ ní 1965, Èkó ní 1968. Èyí tó kan Ìbàdàn lónìí ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì sọ di tirẹ̀ ní 2006. Bí kóòtù bá ti pàṣẹ pé kí ẹnì kan gba ọmọ ṣọmọ, ẹ̀tọ́ ìyá tó bí i ti tán lórí rẹ̀. Kò lè yan ilé ẹ̀kọ́ fún un mọ́, kò lè ní kí wọ́n gbé e wá kí òun lásìkò Iléyá. Ẹni tó gbà á ni òfin mọ̀ ní òbí rẹ̀, bí ẹni pé òun ló lóyún rẹ̀, ogún ẹni yẹn náà ni ọmọ ọ̀hún yóò jẹ.

Torí pé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ ni òfin ò ṣe jẹ́ kó yá. Tọkọtaya tó fẹ́ gbọmọ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 25, kí wọ́n sì fi ọdún 21 ju ọmọ náà lọ. Ẹni tí kò lọ́kọ tàbí tí kò láya gbọ́dọ̀ pé 35, ọkùnrin fún ọmọkùnrin, obìnrin fún ọmọbìnrin. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti sọ fún wẹ́fíà ní oṣù 12 ṣáájú, kí ọmọ sì ti wà lọ́wọ́ wọn fún oṣù 3 gbáko. Òṣìṣẹ́ ìjọba yóò wádìí wọn dé ilé. Òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Èyí tó jẹ́ kí ọmọbìnrin náà gbójú sókè ni pé ẹni tó fẹ́ gbọmọ àti ọmọ gbọ́dọ̀ jọ máa gbé ìpínlẹ̀ kan náà, kí ẹni náà sì ti lo ọdún 5 níbẹ̀. Èkó ni Àǹtí ń gbé.

"Àgbàtọ́ ńkọ́, mà?"

Àgbàtọ́ tó ní ìwé kóòtù yàtọ̀. Kóòtù ẹbí lè fi ọmọ sí ìkáwọ́ ẹlòmíràn kó máa tọ́ ọ, kí ìyá sì ṣì jẹ́ ìyá. Bí nǹkan bá yí padà, kóòtù tó fún un láṣẹ lè gba àṣẹ náà padà. Kò dájú pé ìyá yóò rí ọmọ gbà lọ́jọ́ tó bá dé. Ire ọmọ ni adájọ́ máa kọ́kọ́ wò, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ á gba ọ̀rọ̀.

Aago kan ọ̀sán

Oòrùn ń jó. Aládùúgbò kan ti sọ fún un pé orí òkè Mápó ni wọ́n ti ń ṣe ìwé kóòtù, ló bá gun òkè náà tìyẹn-tìyẹn, lábẹ́ gbọ̀ngàn olópòó ràbàtà tí wọ́n ṣí ní 1929. Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ò jẹ́ kó dúró pẹ́. Ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ àti ẹjọ́ ta ni yóò kó ọmọ ni tiwọn. Ìgbàṣọmọ di ọ̀dọ̀ kóòtù ẹbí, ní ilé ẹjọ́ gíga tàbí ti májísíréètì. Ó ra omi tútù, ó sọ̀ kalẹ̀.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́

Wọ́n tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Baálé wà lórí àga. Àǹtí Èkó àti ọkọ rẹ̀ dé pẹ̀lú àpò ìrẹsì kan, aṣọ ọmọ tuntun àti àpòòwé kan. Ẹni tí wọn ò retí náà dé: ìyá ọmọkùnrin tó fún ọmọbìnrin náà lóyún, tó ń tajà l'Ọ́jà'ba.

"Ẹ̀jẹ̀ wa ni o," ó wí. "Ọmọ wa ò ní lọ máa jórúkọ ẹlòmíì l'Ékòó."

"Ọmọkùnrin yín tó ni ẹ̀jẹ̀ náà dà?" Baálé bi í. Ó dákẹ́. Síbẹ̀ kò purọ́: nínú àṣà wa, bàbá ló ni ọmọ, òfin náà sì ń béèrè ìfọwọ́sí àwọn òbí. Bí ẹbí bá ń ṣe bí ẹni pé ẹbí bàbá kò sí, ẹjọ́ ọjọ́ iwájú ni wọ́n ń gbìn.

Ọkọ Àǹtí mú ìwé jáde. Ojú ewé méjì ni, èdè Òyìnbó ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ti gbé íńkì ìtẹ̀ka tì í nínú agolo pẹlẹbẹ. "Kó kàn tẹ̀ka síbí." Ìyá Àgbà ń mi orí. Ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà kan, tó wà ní Pólì, gba ìwé náà kà. Ó ka ojú ewé kìn-ín-ní tán, ó ka èkejì, ó tún padà ka ìlà kan.

"Ìyá Àgbà, ẹ gbọ́. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ béèrè ọmọ náà mọ́ láé."

Ìyá Àgbà ò mi orí mọ́. "Láé bí i ti báwo?"

Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àǹtí ń sunkún pé òun ò lè tọ́ ọmọ dàgbà kí wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ òun. Òótọ́ ni òun náà ń sọ. Àpòòwé ṣì wà lórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ íńkì. Owó ìtọ́jú ni wọ́n pè é, mo sì gbà pé inú rere ni. Ṣùgbọ́n Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 lélẹ̀ fún ẹni tó bá ra ọmọ tàbí tó tà á, owó tí wọ́n sì gbé sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ìtẹ̀ka nira láti ṣàlàyé níwájú adájọ́. Ìwé náà fúnra rẹ̀ kò sì lè sọ Àǹtí di ìyá ọmọ. Àṣẹ kóòtù nìkan ló lè ṣe é.

Aago mẹ́fà

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pèrun màgàríbì. Ìyá Àgbà wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò béèrè láti àárọ̀. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́?"

"Mi ò mọ̀, mà."

Àwọn kan pòṣé. Ní tèmi, kò sí ẹni tó sọ ohun tó jẹ́ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà. Ẹni tí kò tíì rí ojú ọmọ, tí ẹ̀rù ń bà, tí oúnjẹ rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ àwọn tó jókòó yí i ká, kí ni ìka rẹ̀ fẹ́ jẹ́rìí sí? Àwọn obìnrin kan wà tí ìgbàṣọmọ tọ́ fún, tí wọ́n mọ̀ pé àwọn ò lè tọ́ ọmọ náà láyé wọn, tí wọ́n sì fẹ́ kó ní ilé tirẹ̀ pátápátá. Kò yẹ kí a dójú ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì mọ̀, ọ̀nà tó ní àbọ̀ ni ká mú un gbà: àgbàtọ́, pẹ̀lú ìwé, pẹ̀lú orúkọ ìyá nínú rẹ̀. Bó bá sì dàgbà nínú ọkàn rẹ̀ lẹ́yìn náà pé kí Àǹtí gba ọmọ ṣọmọ, àyè ṣì wà. Ẹni tó ti parí ìgbàṣọmọ ní kóòtù kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀ mọ́.

Aago mẹ́jọ alẹ́

Àpòòwé ti padà sọ́wọ́ ẹni tó mú un wá. Ìrẹsì àti aṣọ ọmọ dúró. Àǹtí ò dá wọn lóhùn dáadáa, ṣùgbọ́n ó gbà láti bá wọn dé wẹ́fíà lọ́jọ́ Ajé. Ìyá ọmọkùnrin náà ní òun á wá ọmọ òun rí. Baálé ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ ìka sí nǹkan kan títí ọmọ yóò fi délẹ̀, tí wọn yóò fi sọ ọ́ lórúkọ, tí wọn yóò fi gba ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Bí irú ìpàdé yìí bá ń bọ̀ nílé tiyín, ẹ kọ́kọ́ mú ọmọbìnrin náà lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin, ní Sẹkitéríàtì Agodi, kí wọ́n là á yé e ní èdè tó gbọ́. Kí ẹ tó dá sí i, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́, bó bá sì ní òun ò mọ̀, ẹ gbé íńkì yẹn kúrò nílẹ̀.