Ìyára Àwo Orin Kò Sí Lọ́wọ́ Fólítéèjì

Àṣìṣe kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ àwo orin àtijọ́, pàápàá àwọn oníbẹ́líìtì bíi AR XA tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1961 àti Thorens TD 160 tó jáde ní 1972. Ẹbí tó wà ní Houston á fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Àwọn ará ilé á ra tiransífọ́mà tó ń sọ iná 220 di 110, wọ́n á gbé àwo Haruna Ìṣọ̀lá lé e. Àwo ń yí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn Haruna á ki ju bó ṣe yẹ lọ, agídìgbo á sì máa wọ́ ẹsẹ̀. Ẹjọ́ tí wọ́n máa ń dá ni pé iná kò tó, tàbí pé bẹ́líìtì ti rọ̀. Wọ́n á ra sitabiláísà, wọ́n á pààrọ̀ bẹ́líìtì, orin kò sì ní yára ju ti àná lọ.

A mọ ibi tí èrò náà ti wá. Fáànù àjà ni gbogbo wa fi ń mọ bí iná ṣe rí: bí iná bá rẹlẹ̀, fáànù á máa yí bí ẹni tó ń tòògbé. Ṣùgbọ́n irú mọ́tò inú fáànù kọ́ ló wà nínú TD 160. Iná tó ń wá láti òpó máa ń lọ, ó máa ń bọ̀: ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ní Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà 60 ní Amẹ́ríkà. Òun ni wọ́n ń kọ sára ẹ̀rọ ní 50 Hz tàbí 60 Hz. Mọ́tò Thorens yìí ń tẹ̀lé àlọ àtàbọ̀ náà ní ìṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Lórí 60 Hz, yóò yí nígbà 450 láàárín ìṣẹ́jú kan. Lórí 50 Hz, yóò yí nígbà 375. Bí fólítéèjì bá dín kù díẹ̀, okun rẹ̀ ló dín, kì í ṣe ìyára rẹ̀. Bó bá dín kù jù, mọ́tò náà kò ní rọra máa fà. Ṣe ni yóò ṣi ẹsẹ̀ gbé, tí yóò máa gbọ̀n tàbí kó dúró pátápátá.

Tiransífọ́mà ń sọ 220 di 110, ṣùgbọ́n bí 50 Hz bá wọlé, 50 Hz náà ni yóò jáde. Púlì tó wà lórí mọ́tò tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà sì jẹ́ púlì tí wọ́n wọ̀n fún 450. Nígbà tí 375 bá dé bá a, àwo tó yẹ kó yí nígbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan á máa yí nígbà 27.8. Ojú àwo tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú 18 á gba 21 àti àbọ̀ ó lé díẹ̀, ohùn á sì wálẹ̀ tó kíì mẹ́ta lórí dùùrù, ká ka dúdú mọ́ funfun. Kò sí sitabiláísà tó lè tún ìyẹn ṣe. Púlì 50 Hz ni oògùn rẹ̀, èyí tó fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún tóbi ju ti 60 Hz lọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Linn ní Glasgow fẹ́ kí ìyára ẹ̀rọ àwo orin wọn, LP12, dúró ṣinṣin ní 1982, ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀ ni Valhalla, pátákó iná tó ń fúnra rẹ̀ pèsè àlọ àtàbọ̀ iná fún mọ́tò. Wọn kò wá sitabiláísà lọ.

Báwo la ṣe máa mọ ẹ̀ṣẹ̀ púlì yàtọ̀ sí ti bẹ́líìtì? Lẹ bébà funfun kékeré mọ́ etí àwo irin tó ń yí, kí o fi aago ka iye ìgbà tó kọjá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó yẹ kó pé 100. Bó bá jẹ́ 83 ní gbogbo ìgbà tí o bá kà á, púlì ni. Bó bá jẹ́ 98 nísinsìnyí, 95 nígbà mìíràn, wo bẹ́líìtì tó ti fẹ̀, púlì tí ọ̀rá ti bò, tàbí ọ̀pá àárín tí epo ti gbẹ lára rẹ̀. Ṣọ́ra fún bébà onílà tí wọ́n fi ń wo ìyára. Ti Amẹ́ríkà ní ìlà 216, tiwa ní 180. Bí o bá gbé onílà 216 sábẹ́ iná wa, ìgbà tí àwo bá ń yí ní 27.8 gan-an ni ìlà rẹ̀ yóò dà bíi pé ó dúró jẹ́ẹ́. Bébà náà á jẹ́rìí èké pé kò sí nǹkan tó ṣe ẹ̀rọ.

Abẹ́rẹ́ náà máa ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Àwọn kan á ní ó tẹ àwo mọ́lẹ̀ jù ni kò jẹ́ kó yára, wọ́n á sì dín ìwúwo rẹ̀ kù. Abẹ́rẹ́ Ortofon 2M Red, bí àpẹẹrẹ, ń fẹ́ gíráàmù 1.8. Bí o bá sọ ọ́ di 1, ìyára kò ní yí padà, ṣùgbọ́n níbi tí ìlù bá ti le, abẹ́rẹ́ á máa fò nínú ojú ìlà, á sì máa ha á. Yí irin ẹ̀yìn apá títí apá yóò fi léfòó gbọọrọ láìkan àwo, da òǹkà rẹ̀ sí òdo, kí o tó yí i dé 1.8.

Ní ti iná, jẹ́nẹ́rétọ̀ lè mú kí ìyára máa yí padà lójú ẹni nílé wa. Ọ̀pọ̀ àwọn kékeré gbọ́dọ̀ yí nígbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó mú 50 Hz jáde. Bí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn tó fi wá sí 2850, ó di 47.5 Hz, orin á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wálẹ̀ tó kíì kan. Ẹ̀rọ tí mọ́tò rẹ̀ ń lo irú iná tó ń jáde nínú bátìrì, tó sì ní ìdè kékeré tí wọ́n fi ń tún ìyára ṣe, kò sí nínú ẹjọ́ yìí. Nítorí náà, kí o tó náwó sórí bẹ́líìtì, yí ẹ̀rọ náà padà, ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ 60 Hz nìkan ló wà níbẹ̀, púlì ni kí o lọ wá.