Àká Àgbàdo: Ọgbọ́n Tó Wà Nínú Ilé Onígi Àwọn Baba Wa

Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí èbúté ńlá Lẹ́kí. Lára ilẹ̀ tí èbúté náà àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó yí i ká wà lónìí, oko ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ oko bá dín kù, ìkórè kò gbọdọ̀ ṣòfò. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn àká fún yín.

Ẹ wo bí àwọn baba wa ṣe ń kọ́ ọ. Wọn a ri òpó igi líle mọ́lẹ̀, wọn a sì tẹ́ ọparun sórí rẹ̀, kí àgbàdo má baà kan ilẹ̀. Ọparun náà ni ògiri. Wọn kì í fi amọ̀ rẹ́ ẹ, kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Okùn ni wọ́n fi ń dè é, kì í ṣe ìṣó. Ará ọ̀dàn a fi koríko bo òrùlé; ní etí ọ̀sà àti àbàtà, níbi tí ògùrọ̀ pọ̀ sí, imọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń lò. Òrùlé a dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ kí omi lè tètè ṣàn, etí rẹ̀ a sì yọ síta kí òjò má baà fẹ́ wọlé.

Láàárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn onímọ̀ àjọ FAO ṣe ìwádìí lórí àká ní IITA, n'Íbàdàn. Wọn kò sọ ti àtijọ́ nù. Òpó, ògiri tó ń gba afẹ́fẹ́ àti òrùlé ṣì wà níbẹ̀. Ohun méjì ni wọ́n tẹnu mọ́. Èkíní ni ìbú: ní ilẹ̀ olójò bíi tiwa, kí àká má fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn sì kọjú sí afẹ́fẹ́. Àká tó bá fẹ̀ jù, àárín rẹ̀ kì í gbẹ. Èkejì ni eku: kí òpó ga tó mítà kan, kí a sì fi páànù ṣe bí fìlà sí ọrùn òpó kọ̀ọ̀kan, kí eku má lè gùn ún kọjá.

Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ gbígbẹ ṣeré. Àgbàdo tí a kó jọ ní tútù a máa bu, ó sì lè ní májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Sísè kì í pa á tán. Ní ọdún 2004, ènìyàn 125 ló kú ní Kenya nítorí irú àgbàdo bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ dáwó jọ, kí ẹ kọ́ ẹyọ kan kí ìkórè tó dé. Bí imọ̀ bá wọ́n, páànù á ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí etí rẹ̀ yọ síta. Bí àgbà tó mọ imọ̀ í ran bá sì wà ní abúlé yín, ẹ pe àwọn ọ̀dọ́ sí i, kí wọ́n kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ire oko á délé o.