Ìlà méjì lára ìwé àyẹ̀wò bàbá mi

1/ Ẹ̀yin tèmi, ẹ wá jókòó. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ lónìí, ó sì kan ẹ̀jẹ̀ tó wà lára yín gan-an.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá mi lọ ṣe àyẹ̀wò kíndìnrín. Èmi ni mo bá wọn gba èsì. Mo wò ó, mo rí ìlà méjì. Wọ́n kọ "African American" sí ọ̀kan, nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 64. Wọ́n kọ "Non-African American" sí ìkejì, ó jẹ́ 53.

Bàbá mi ò dé Amẹ́ríkà rí o. Wọ́n bi mí pé, "Èwo ni tèmi níbẹ̀?" Mi ò mọ èsì tí mo máa fọ̀.

2/ Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe eré. Tí nọ́ńbà yẹn bá wà lábẹ́ 60 fún oṣù mẹ́ta, dókítà á ní kíndìnrín ti ń ṣàìsàn. Ìlà kan ní kí bàbá mi máa lọ sílé, ìkejì ní kí wọ́n dúró. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, ọjọ́ kan náà!

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé AI tó ń sọ fún èèyàn lónìí pé "ó ṣeé ṣe kí àìsàn báyìí mú ẹ" ò já bọ́ látọ̀run. Ó ní bàbá, ó ní bàbá ńlá.

3/ Bàbá ńlá ẹ̀ rèé. Ọdún 1948, ìlú Framingham, ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Àrùn ọkàn ń pa wọ́n lọ rẹpẹtẹ, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí ẹ̀ dáadáa. Wọ́n kó èèyàn 5,209 jọ, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò léraléra: ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, sìgá. Wọ́n ń wo ẹni tí àrùn ọkàn máa mú.

Iṣẹ́ ńlá ni, ó gba ẹ̀mí là. Látinú ẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìṣirò tó ń sọ ewu tó wà níwájú èèyàn fún ọdún 10.

4/ Àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òyìnbó ni gbogbo wọn. Síbẹ̀, ìṣirò yẹn rìn káàkiri ayé. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára àwọn ará Ṣáínà, tí èsì jáde ní 2004, ó ń sọ pé ewu wọn pọ̀ ju bó ṣe rí lọ.

Ó dà bíi kí télọ̀ wọn ẹnì kan ṣoṣo, kó wá fi ìwọ̀n yẹn rán aṣọ ẹbí fún gbogbo èrò òde. Ara ẹni tí wọ́n wọ̀n nìkan ló máa bá mu.

5/ Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí kíndìnrín.

Ìdọ̀tí kan wà tó ń jáde látinú iṣan, creatinine lorúkọ ẹ̀. Kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ dànù. Tó bá ti ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó jọ pé kíndìnrín ti ń rẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún 1999, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà lo àbájáde àyẹ̀wò èèyàn 1,628 láti fi ṣe fọ́múlà. Wọ́n rí i pé tí creatinine dúdú àti funfun bá jọ dọ́gba, kíndìnrín àwọn dúdú ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé iṣan àwọn dúdú ló pọ̀ jù.

Wọ́n bá ní: tó bá jẹ́ dúdú, ẹ sọ nọ́ńbà ẹ̀ di ìlọ́po 1.18. Ẹ̀dà tó rọrùn tó tẹ̀lé e sọ ọ́ di 1.21.

6/ Ẹ wo ohun tí 1.21 lè ṣe. Ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó máa ka ọjọ́ fún èèyàn lórí ìlà àwọn tó ń dúró de kíndìnrín tuntun, nọ́ńbà ẹ̀ gbọ́dọ̀ já sí 20.

Òyìnbó tó ní 18 ti wọlé. Dúdú tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ rí bákan náà ńkọ́? 18 lọ́nà 1.21, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 22. Wọ́n á ní kó ṣì lọ ná, ara ẹ̀ le. Ó le níbo?

7/ Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí fún dúdú tó wà ní Áfíríkà? Wọ́n dán fọ́múlà yẹn wò lára àwọn dúdú South Africa, èsì jáde ní 2008. Ó bá wọn mu jù nígbà tí wọ́n yọ ìlọ́po yẹn kúrò!

Ìlà tí wọ́n kọ "African American" sí lórí ìwé bàbá mi, tèmi tiẹ̀ rò pé òun ló sún mọ́ wa, òun gan-an ni kò mọ̀ wá.

8/ Ní 2021, àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ kíndìnrín Amẹ́ríkà ní kí wọ́n yọ àwọ̀ kúrò, wọ́n sì gbé fọ́múlà tuntun jáde. Ní 2022, wọ́n fòfin dè é lórí ìlà ìdúró. Láti 2023, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọjọ́ tí wọ́n ti fi du àwọn dúdú padà fún wọn. Àmọ́ ẹni tó ti kú, ta ló máa dá ọjọ́ tiẹ̀ padà?

9/ Ẹ lè ní, "ó ti tán nìyẹn, kẹ́ ẹ má sáà sọ àwọ̀ fún AI." Rárá o. Ibí gan-an ló ti dùn.

Ní 2019, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí àwọn ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà ń lò láti mọ aláìsàn tó nílò ìtọ́jú àkànṣe. Kò béèrè àwọ̀ rárá. Síbẹ̀, tó bá fún dúdú àti funfun ní máàkì kan náà, àìsàn dúdú máa ń pọ̀ jù.

10/ Kí ló fà á? Wọn ò ní kó wá ẹni tí ara ẹ̀ ò yá. Wọ́n ní kó wá ẹni tí owó ìtọ́jú ẹ̀ máa pọ̀. Bẹ́ẹ̀, owó tí wọ́n ń ná lórí dúdú kéré, bí àìsàn wọn tiẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti funfun. Ẹ̀rọ wo owó táṣẹ́rẹ́, ó ní "ara eléyìí le."

Àwọn olùwádìí ṣírò ó: tí wọ́n bá tún un ṣe, àwọn dúdú láàárín àwọn tó máa rí ìrànlọ́wọ́ á kúrò ní 17.7%, á di 46.5%.

11/ Ẹ jẹ́ ká wálé wàyí. Ìbàdàn.

Ní 2002, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap, máàpù àbùdá ọmọ ènìyàn. Èèyàn 270 ni wọ́n kọ́kọ́ lò. 90 nínú wọn jẹ́ Yorùbá Ìbàdàn: bàbá, ìyá àti ọmọ, ìdílé 30. Títí dòní, àwọn onímọ̀ àbùdá lágbàáyé mọ lẹ́tà mẹ́ta yìí: YRI. Àwa nìyẹn o.

12/ Ní 2010, irú dátà Yorùbá yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n mọ ìṣọwọ́yàtọ̀ kan nínú àbùdá tó ń jẹ́ APOL1. Ẹni tó bá jogún ẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ewu àrùn kíndìnrín ẹ̀ ń pọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ irú wọn ò ní ní in. Ó wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá. Ẹ lọ wò ó láàárín àwọn ará Ethiopia, ẹ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní rí i.

Wọ́n dúdú, àwa náà dúdú. Tẹ́ ẹ bá tẹ "dúdú" sínú ẹ̀rọ, kí lẹ sọ fún un? Ẹ ò sọ nǹkan kan.

13/ Ibi tó dùn mí jù rèé. A wà nínú máàpù láti ìbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ní 2019, wọ́n ṣírò pé 79% àwọn tó wà nínú ìwádìí tó ń so àbùdá mọ́ àìsàn jẹ́ ìran Yúróòpù, ìran tí kò ju bíi 16% aráyé lọ. Máàkì ewu àìsàn tí wọ́n ń fa yọ látinú ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jóòótọ́ fún àwa ọmọ Áfíríkà.

Ní 2020, wọ́n ka àbùdá ọmọ Áfíríkà 426 péré látòkèdélẹ̀. Wọ́n rí ìyàtọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta tẹ́nì kankan ò tíì kọ sílẹ̀ rí. Ẹ fojú inú wo ohun tó ṣì kù.

14/ Àwọn àgbà ní àbùjá ò sí lọ́run ọ̀pẹ. Gbogbo ìtàn tí mo sọ yìí, àbùjá ni. Wọ́n fi àwọ̀ dípò iṣan. Wọ́n fi owó dípò àìsàn. Wọ́n fi ará Framingham dípò gbogbo ayé. Ẹ̀rọ ò burú, ọ̀nà tí wọ́n fi hàn án ló gbà.

Torí náà, tí app tàbí ẹ̀rọ kan bá sọ ewu àìsàn fún yín, ẹ béèrè nǹkan méjì: ta ni wọ́n fi kọ́ ẹ, kí ni wọ́n sì ní kó o kà?

15/ Bàbá mi ńkọ́? Mo mú ìwé yẹn padà lọ bá dókítà. Wọ́n fa kálàmù gba orí ìlà àkọ́kọ́, wọ́n ní "53 la máa lò." Wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò kúrò lójú kan náà. Wọ́n ti wà lórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru báyìí, wọ́n sì ti jáwọ́ nínú oògùn ara ríro tí wọ́n máa ń dédé rà.

Tí ìwé àyẹ̀wò bá wà nílé yín, ẹ lọ wò ó lónìí. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà méjì, ẹ má dákẹ́. Ẹ bi dókítà yín pé èwo ni wọ́n ń wò.