ÌṢEÉGBÁRALÉ, ÀTÚNṢE ÀTI IYE OWÓ ÌBỌN ÌLÉWỌ́ M1911 NÍ ILẸ̀ AMẸ́RÍKÀ

Láàárín àwọn ohun ìjà tí àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà lò ní ọ̀rúndún ogún, díẹ̀ ni ó pẹ́ lọ́wọ́ wọn tó ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n ń pè ní M1911. Ọdún 1911 ni wọ́n tẹ́wọ́ gbà á. Ọdún 1985 ni wọ́n yan òmíràn dípò rẹ̀. Èrò méjì tí ó tako ara wọn ni ó gbilẹ̀ nípa rẹ̀. Àwọn kan gbà pé kò sí ìbọn tí ó ṣeé gbára lé tó o. Àwọn mìíràn gbà pé ìbọn tí ọta máa ń há sí lẹ́nu ni, àti pé ẹni tí kò bá náwó rẹpẹtẹ fún alágbẹ̀dẹ ìbọn kò lè rí ojúure rẹ̀. Bí a bá wo ìtàn rẹ̀ dáadáa, òótọ́ ni èrò méjèèjì, nítorí pé kì í ṣe ìbọn kan náà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ogun tí Amẹ́ríkà bá àwọn ènìyàn Moro jà ní àwọn erékùṣù Philippines ni ó fa ọ̀rọ̀ náà jáde. Ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ ń yí bìrí ni ó wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gágun nígbà náà, ìbú ọta rẹ̀ kò sì ju ìdá 38 nínú 100 ínṣì lọ. Ẹjọ́ tí wọ́n ń rò ni pé ọta kékeré yìí kì í dá jagunjagun tí ń bọ̀ kíkankíkan dúró. Ní ọdún 1904, John T. Thompson àti Louis La Garde, tí í ṣe dókítà ogun, yin oríṣiríṣi ọta sí òkú ènìyàn àti sí màlúù ní Chicago. Ìdánwò náà kò lágbára tó bí àwọn òǹkọ̀wé kan ti ń gbé e gẹ̀gẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn rẹ̀ ni ìjọba tẹ̀ lé: ìbú ọta kò gbọdọ̀ kéré sí ìdá 45 nínú 100 ínṣì.

John Moses Browning, ọmọ alágbẹ̀dẹ ìbọn láti Ogden ní ìpínlẹ̀ Utah, ni ó ṣe ìbọn tí ilé-iṣẹ́ Colt gbé wá síwájú ìgbìmọ̀. Láti ọdún 1907 ni wọ́n ti ń dán an wò pẹ̀lú ìbọn ilé-iṣẹ́ Savage, wọ́n sì ń ṣe àtúnṣe sí méjèèjì láàárín ìdánwò kan sí èkejì. Ní oṣù kẹta ọdún 1911 ni ìdánwò àṣekágbá wáyé. Ìbọn kọ̀ọ̀kan yóò dún ní ìgbà 6,000. Bí ó bá dún ní ìgbà 100, a ó fi í sílẹ̀ kí ó tutù; bí ó bá pé 1,000, a ó nù ún, a ó sì fi òróró sí i. Ìbọn Savage kùnà ní ìgbà 37. Ti Browning kò kùnà rárá. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà ni wọ́n tẹ́wọ́ gbà á.

Kí ni ó fún ìbọn yìí ní irú ìdúróṣinṣin bẹ́ẹ̀? Bí ó bá dún, ọ̀pá rẹ̀ àti ìdérí onírin tí ó bò ó yóò jọ sún sẹ́yìn díẹ̀. Ìsomọ́ kékeré kan yóò fa ìdí ọ̀pá wálẹ̀. Ìdérí yóò dá nìkan máa lọ, yóò ju kóròfo ọta nù, sípíríìnì yóò sì tì í padà láti gbé ọta mìíràn wọlé. Kí gbogbo èyí tó lè wáyé nínú iyanrìn àti ẹrẹ̀, àyè gbọdọ̀ wà láàárín irin àti irin. Àwọn kan wá gbà pé bí ìbọn náà bá ti ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ tó ni ó ṣe ń dára tó. Àsọdùn ni èyí. Ọjọ́ ogbó ni ó fa púpọ̀ nínú ìmìjẹ̀gẹ̀ tí wọ́n rí. Àyè tí a wọ̀n sínú àwòrán iṣẹ́ yàtọ̀ sí àyè tí ìlò fà. Ohun kejì tí wọn kì í sábà dárúkọ ni pé ọta kan ṣoṣo ni a ṣe ìbọn náà fún, èyí tí orí rẹ̀ rí róbótó, tí a fi irin líle bò.

Ní ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, nǹkan bí 1,900,000 ni wọ́n ṣe. Remington Rand tí ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù. Union Switch and Signal tí ń ṣe ohun èlò ojú irin náà ṣe tirẹ̀. Singer, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣe 500 péré. Ìlànà ìjọba ni pé ẹ̀yà ara ìbọn láti ilé-iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ bá ti ilé-iṣẹ́ mìíràn mu láìsí pé a fi ayùn irin kàn án. Ìdí nìyí tí kò fi wọ́n: kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó jókòó ti ìbọn kan fún ọjọ́ mẹ́ta.

Lẹ́yìn ogun ni nǹkan yí padà. Ní ìdíje ọdọọdún ní Camp Perry ní ìpínlẹ̀ Ohio, a ń yin ìbọn ìléwọ́ sí àmì tí ó jìnnà tó 50 yáàdì, àyè tí ó dára lójú ogun sì di àléébù. Àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìdérí mọ́ ara ìbọn pinpin, wọ́n ń fi ọwọ́ rẹ́ ọ̀pá rẹ̀ títí yóò fi jókòó síbi kan náà ní gbogbo ìgbà, wọ́n sì ń mú kí apátí rẹ̀ fúyẹ́. Wọ́n dín agbára ẹ̀tù kù, wọ́n sì fi sípíríìnì tí kò le sí i. Ìbọn bẹ́ẹ̀ ń bá àmì lọ́nà ìyanu, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí díẹ̀ tó láti dá a dúró. Ní ọdún 1970, Colt gbìyànjú láti fi ẹ̀rọ rọ́pò ọwọ́: ó fi òrùka onírin tí ó ní ìka mẹ́rin di ẹnu ọ̀pá mú. Àwọn ìka náà a máa kán nígbà mìíràn, ilé-iṣẹ́ náà sì pa á tì nígbẹ̀yìn.

Jeff Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ IPSC sílẹ̀ ní Missouri ní ọdún 1976, fẹ́ ìbọn ìdáàbòbò tí ó yá. Ní àsìkò yẹn kan náà ni ọta tí ihò wà lórí rẹ̀ ń gba ọjà. Ọta yìí kì í gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹnu ọ̀pá bí olórí-róbótó ti ń ṣe, nítorí náà owó tún bọ́ sọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ kí ó lè dán ojú ọ̀nà náà. Ó ṣòro láti dá Browning lẹ́bi fún ọta tí a kò fi lọ̀ ọ́.

Láti ọdún 1945 ni ìjọba kò ti ra M1911 tuntun fún gbogbo ogun mọ́. Àtúnṣe lórí àtúnṣe ni wọ́n ń ṣe títí ìbọn Beretta fi gba ipò rẹ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 2012, ẹ̀ka ọmọ-ogun Marine bá Colt ṣe àdéhùn 22,500,000 dọ́là fún ìbọn irú rẹ̀ tí kò ní ju 12,000 lọ. Bí a bá pín in, nǹkan bí 1,875 dọ́là ni owó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti 500 tí Singer ṣe, ọ̀kan nínú wọn ti tà ju 100,000 dọ́là lọ, ẹni tí ó sì san irú owó bẹ́ẹ̀ kì í sábà yìn ín.