Ṣaworoidẹ àti Agogo Èèwọ̀

Ní Ọ̀wọ̀, bí ọdún Ìgògò bá dé, ìlù kì í dún. Agogo ni ó ń gba ipò rẹ̀. Irú ìpààrọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú fíìmù méjì tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì darí. Ṣaworoidẹ jáde ní 1999, ọdún tí ìjọba alágbádá padà dé sí Nàìjíríà. Agogo Èèwọ̀ tẹ̀ lé e ní 2002.

Nínú ti àkọ́kọ́, májẹ̀mú ni ó so ọba Jogbo mọ́ ará ìlú. Lápitẹ́ kọ ètùtù ìwúyè, ó sì fi ipá jọba. Lágata, ológun, gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ṣaworoidẹ dún, ó kú pẹ̀lú adé lórí. Olùwòran ti mọ òfin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ìdájọ́ kò dà bí ohun àjèjì.

Nínú èkejì, Adébọ́sípò, ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìn tì, gorí oyè, ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè ọ̀bàyéjẹ́ kò yí padà. Òtítọ́ pàtàkì nìyí: bí ọba búburú tilẹ̀ kú, ìgbìmọ̀ rẹ̀ lè wà síbẹ̀. Àmọ́ ọba rere náà ti pé tán kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, ìbúra agogo sì ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí ará ìlú jà fún. Ìdí nìyí tí fíìmù kejì fi dà bí ẹ̀kọ́ tí wọ́n kà síni létí, tí ti àkọ́kọ́ sì jẹ́ ìtàn.