Kíkà Sẹ́yìn: Ìtàn Tó Wà Nínú Aago Kékeré Kan

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó. Thread gígùn ni èyí. 🧵

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí n kọ́ òun ní coding ní Bárígà níbí, kì í ṣe calculator la kọ́kọ́ máa ń ṣe. Aago tó ń ka sẹ́yìn ni. O tẹ iye ìṣẹ́jú sí i, o tẹ bọ́tìnnì, nọ́ńbà á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù títí á fi kan òdo.

Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ wọn ti bá irú aago yìí pàdé rí, kò sì bá wọn ṣeré: JAMB. Ní 2013 ni JAMB gbé ìdánwò orí kọ̀ǹpútà dé. Nígbà tó fi máa di 2015, bébà àti pẹ́ńsù ti kógbá sílé. Ìbéèrè 180, wákàtí méjì, nọ́ńbà ń dínkù lójú ẹ bí o ṣe ń ronú. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ di mouse mú. Mo fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i pé nǹkan tó ń já wọn láyà yẹn ò ju nǹkan bí ogún ìlà kóòdù lọ.

Iṣẹ́ náà rèé ní ṣókí. Python ni, pẹ̀lú Tkinter tó sábà máa ń bá a wá. Fèrèsé kan, àpótí tí wọ́n á kọ nọ́ńbà sí, bọ́tìnnì, àti label tí nọ́ńbà á máa yí lórí ẹ̀. Ẹ má fi time.sleep(1) dá a dúró o, fèrèsé náà máa hang ni, kò ní gbọ́ tiyín mọ́. root.after(1000, ka) ni kí ẹ lò: ó ń sọ fún fèrèsé pé kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ, tí 1000 milliseconds bá kọjá, kó padà wá pe ka. divmod(iye, 60) lá pín in sí ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá.

Ẹ dẹ̀ wo orúkọ yẹn ná. Ìṣẹ́jú: kéèyàn ṣẹ́ ojú. Ìṣẹ́jú-àáyá: kí ọ̀bọ àáyá ṣẹ́ ojú tiẹ̀. Aago fúnra ẹ̀, agogo ni, èyí tí wọ́n ń lù. Wákàtí nìkan ló jẹ́ àlejò, láti èdè Lárúbáwá.

Wọ́n máa ń sọ pé Fritz Lang, tó ṣe fíìmù Frau im Mond ní Jámánì ní 1929, ló kọ́ ayé ní kíkà sẹ́yìn kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbéra. Ti rọ́kẹ́ẹ̀tì, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi kà á sókè: ẹẹ́rìndínlógún, ẹẹ́tàdínlógún, eéjìdínlógún, oókàndínlógún, ogún.

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu yín sọ? Ó ku mẹ́rin kó pé ogún. Ó ku mẹ́ta. Ó ku méjì. Ó ku ọ̀kan. Ó pé.

Timer nìyẹn jàre! 45 ńkọ́? Márùndínláàádọ́ta: ẹ yọ 5 kúrò nínú 50. 50 yẹn gan-an, ẹ yọ 10 kúrò nínú ogún mẹ́ta ni. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì CMS tó gbé ní Ìjàyè, kọ̀wé lórí òǹkà wa ní 1887, ó sì so ó mọ́ bí wọ́n ṣe ń ka owó ẹyọ, márùn-ún márùn-ún, títí á fi di òkìtì ogún. Inú máa ń bí mi tí ẹnì kan bá ní òǹkà Yorùbá ti le jù fún kọ̀ǹpútà. Ìyọkúrò lásán ni, kí sì ni kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n ṣe tó jù ú lọ?

Ibì kan wà tó máa ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú sha. Láti 5 dé 0, nọ́ńbà mẹ́fà ló máa hàn, àmọ́ ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ló kọjá. Off-by-one làwọn oníkóòdù ń pè é. Mo máa ń fi ìjẹta ṣàlàyé ẹ̀. Bí òní bá jẹ́ Ọjọ́rú, ìjẹta ni ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ méjì péré ló kọjá, ṣùgbọ́n ẹta ló wà nínú orúkọ, torí a ka òní mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà ọrọọrún, tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń ná an. Ẹ lọ bá atẹ̀wé ní Ṣómólú pé ọjọ́ kẹta òní lẹ fẹ́ gba ìwé ètò ìsìnkú yín, kí ẹ bi í bóyá òní wà nínú ẹ̀. Àwa ń ka òpó, timer ń ka àlàfo tó wà láàárín òpó.

Wàyí o, ibi tí mo fẹ́ràn jù. after(1000) kì í pé 1000 géérégé, ó máa ń lé díẹ̀díẹ̀. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣírò òpin: time.monotonic() + iye, kí ẹ wá máa yọ ìsinsìnyí kúrò nínú ẹ̀. Kí ló dé tí kì í ṣe datetime.now()? Torí èèyàn lè yí aago ògiri. Ìjọba náà lè yí i.

Wọ́n ti yí ti Èkó rí, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Tí a bá ní ká tẹ̀ lé oòrùn, Èkó fi ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35 ṣáájú Greenwich. Ní July 1, 1905, ìjọba amúnisìn dá aago wa padà sí ti Greenwich. July 1, 1908, wọ́n tún padà sí ti oòrùn. January 1, 1914, ọjọ́ kan náà tí Lugard so Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù, ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. September 1, 1919, ó di wákàtí kan, ibẹ̀ la wà títí dòní. Ìdí nìyẹn tí oòrùn Èkó kì í fi í wà ní àtàrí ní aago méjìlá géérégé. Nǹkan bí 12:46 ni, ó kàn máa ń sún síwá sẹ́yìn láàárín ọdún. Ká ní ẹnì kan fi aago ògiri ka wákàtí méjì sẹ́yìn lóru tí August 1919 parí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kọ̀ǹpútà yín rántí gbogbo ẹ̀. Ẹ dán an wò (tó bá jẹ́ Windows, ẹ kọ́kọ́ pip install tzdata):

from datetime import datetime
from zoneinfo import ZoneInfo
print(datetime(1913, 6, 1, tzinfo=ZoneInfo("Africa/Lagos")).utcoffset())

0:13:35 ló máa jáde. Ẹ sọ 1913 di 1916, á di 0:30:00. Ẹ sọ ọ́ di 1920, á di 1:00:00. Nínú àkójọ tí wọ́n ti ń mú aago wọ̀nyí, Pọ́tónóvò, Niamey àti Douala kò tilẹ̀ ní ìlà tiwọn mọ́. Èkó ni wọ́n tọ́ka wọn sí.