Gìtá Les Paul Ọdún 1959 àti Àwọn Àwòkọ Rẹ̀

Les Paul Standard jẹ́ gìtá oníná tí ilé iṣẹ́ Gibson ṣe nílùú Kalamazoo, ní ìpínlẹ̀ Michigan, Amẹ́ríkà. Orúkọ olórin Les Paul ni wọ́n fún un nígbà tó jáde ní 1952, àwọ̀ wúrà ni wọ́n sì kọ́kọ́ kùn ún. Láti 1958 sí 1960, wọ́n kùn ún ní pupa létí, ìyeyè láàárín. Irú èyí ni àwọn olùkójọ ń pè ní Burst. Ọjà ò gbà á. Àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ náà sọ pé 643 péré ló jáde ní 1959, nígbà tó sì fi máa di 1961, gìtá oníwo méjì tí à ń pè ní SG ti gba ipò rẹ̀. Àwo orin tí onígìtá Eric Clapton fi Burst bá John Mayall ṣe ní 1966 ló la ojú àwọn ọ̀dọ́ sí i. Ohun tí kò tó 300 dọ́là ní 1959 ti lé ní 200,000 lónìí, àwọn aláwòkọ ò sì jókòó tẹtẹrẹ.

Ìṣòro wọn àkọ́kọ́ ni pé àwọn ojúlówó gan-an ò jọra. Ẹ wo píkọ́ọ̀pù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba ohùn lábẹ́ okùn. Seth Lover, òṣìṣẹ́ Gibson, ló ṣe é, wọ́n sì lẹ ìwé kékeré mọ́ ọn nídìí pé àwọn ti béèrè ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀, Patent Applied For lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni orúkọ PAF ti wá. Ojú òṣìṣẹ́ ló ń pinnu ìgbà tí wáyà tí wọ́n ń wé sí i ti tó. Nígbà mìíràn yóò lé, nígbà mìíràn yóò dín. Òòfà tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n sì ń kì bọ inú rẹ̀, bí ó lágbára, bí kò lágbára. PAF méjì nínú gìtá kan ṣoṣo lè dún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọrùn gìtá tún rèé: ti 1958 ki, ti 1960 tẹ́ẹ́rẹ́, ti 1959 wà láàárín. Aró pupa tí wọ́n fi kùn wọ́n kò sì lè fara da oòrùn, débi pé èyí tó bá pẹ́ nínú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù lè ṣí títí pupa yóò fi tán pátápátá lára rẹ̀. Ta ni yóò wá sọ èwo ni àwọ̀ 1959: ti ọjọ́ tó kúrò ní Kalamazoo ni, àbí ti òní?

Àwọn ará Jàpáànì ò dúró béèrè. Ilé iṣẹ́ Tokai gbé tirẹ̀ jáde ní 1978, ó pè é ní Les Paul Reborn, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí rẹ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé ẹni tó bá wà lókèèrè, Gibson ni yóò kà. Ní 1977, Norlin, tó ni Gibson nígbà náà, ti pe Elger lẹ́jọ́, ilé iṣẹ́ tó ń ta gìtá Ibanez ti Jàpáànì ní Amẹ́ríkà. Bí orí gìtá ṣe rí ni wọ́n ń jà lé lórí, kì í ṣe ohùn. Ibanez ti yí orí tirẹ̀ padà kí ẹjọ́ tó dé, wọ́n sì yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn. Síbẹ̀, títí dòní, kò sí gìtá Jàpáànì ìgbà náà tí oníṣòwò ò ní sọ pé òun gan-an ló gbé wọn dé kóòtù.

Gibson náà ń da ara rẹ̀ kọ. Láti 1993 ni ẹ̀ka Custom Shop rẹ̀ ti ń tún 1959 ṣe: mahogánì, ìbátan ọ̀gánwó tiwa, lẹ́yìn, maple lójú, gúlù tí wọ́n fi awọ ẹran sè ní oríkèé ọrùn. Rósíwúùdù ilẹ̀ Brazil, igi ojú ọrùn rẹ̀, ló ń há wọn lọ́wọ́, nítorí òfin àgbáyé ti ká òwò rẹ̀ kò láti 1992. Tom Murphy, oníṣẹ́ gìtá kan, sì ní tirẹ̀, ó ń fi abẹ la fánííṣì wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí gìtá tuntun lè dà bí èyí tó ti rí ọgọ́ta ọdún òtútù àti ooru. Àléébù pàápàá ti di ohun tí wọ́n ń dà kọ. Gìtá olórin Peter Green, tó ti di ti olórin Kirk Hammett báyìí, ní òòfà kan tí wọ́n dojú rẹ̀ kọdí, tí ohùn rẹ̀ fi ń há bí píkọ́ọ̀pù méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Gibson fi àṣìṣe yẹn sínú àwòkọ rẹ̀.

Etí kọ́ ni wọ́n fi ń dá ojúlówó mọ̀, àwọn olùyẹ̀wò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tan iná àwọ̀ àlùkò sí i, kí fánííṣì àtijọ́ lè tàn bí ewé tó fẹ́ pọ́n. Wọ́n á tú ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á wò ó bóyá òjé tí wọ́n fi jó wáyà pọ̀ ti ní ọwọ́ kejì nínú. Wọ́n á ka nọ́ńbà ara ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ kọ́ọ̀bù ohùn, níbi tí 134 ti ń tọ́ka sí ilé iṣẹ́ Centralab tó ṣe é, tí ọdún àti ọ̀sẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀tàn tó le jù ni gìtá aláwọ̀ wúrà ti 1957 tí ẹnì kan bọ́ kùn, tó wá tún un kùn bíi Burst: igi rẹ̀ jẹ́ òótọ́, PAF rẹ̀ jẹ́ òótọ́, irọ́ ni àwọ̀. Ojúlówó tí wọ́n bá tún kùn pàápàá lè pàdánù ìdajì owó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ okùn rẹ̀ ò dún yàtọ̀. Ayédèrú olórúkọ Gibson láti China ò le mọ̀ rárá: ìdérí kékeré tó wà ní orí gìtá sábà máa ń ní skúrúù mẹ́ta, méjì ni ti Gibson.

Gibson kúrò ní Kalamazoo ní 1984, ó kó lọ sí Nashville. Àwọn òṣìṣẹ́ kan tí kò bá a lọ dá Heritage sílẹ̀ ní 1985, nínú ilé àtijọ́ náà gan-an, pẹ̀lú díẹ̀ lára àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n rà níbẹ̀. Ọmọ ilé kan náà ni gìtá wọn, H-150, àmọ́ kò lè jẹ́ orúkọ Gibson, orí rẹ̀ sì yàtọ̀. Ní 2020, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì tún di ti kóòtù. Lọ́jà, àwòkọ 1959 tó ń ti Nashville wá wọ́n ju H-150 lọ.